Wọn Kì Í Ṣe Aṣọ́lé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ni Everton Lórí Pápá Goodison

Sí àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Everton àti ìgbìmọ̀ olùdarí wọn,

Ẹ kú ìṣílé o. Ilé tuntun tí ẹ kọ́ sí Bramley-Moore, létí odò Mersey, á tura fún yín, á tura fún àwa náà tí a bá yín kó lọ síbẹ̀. Mo ti débẹ̀. Ó dára. Níbi tí mo jókòó sí, kò sí ohunkóhun tó dí mi lójú, mo rí pápá láti igun kan dé èkejì, síbẹ̀ inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn. Òpó ni mò ń wá. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́wàá na ọrùn láti ẹ̀yìn òpó irin, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé òpó kúrò, ọrùn ọ̀hún ò ní mọ ibi tí yóò yà sí.

Ọ̀rọ̀ Goodison, pápá àtijọ́ tí a kó kúrò, tí ẹ wá fún ikọ̀ obìnrin Everton, ni mo bá wá.

Apá Goodison tí wọ́n ń pè ní Bullens Road ni ìjókòó mi wà, ní ìsàlẹ̀. Pákó ni, ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ sì ti bó níbi tí àwọn èèyàn ń fi ẹ̀yìn tì. Bí góòlù bá wọlé tí gbogbo wa fò dìde, àwọn pákó yẹn á máa dún gbà-gbà-gbà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gangan mi gan-an ni òpó kan wà tó bo ìdajì àwọ̀n ọ̀hún-ún mọ́lẹ̀, èyí tó wà ní Gwladys Street. Bí bọ́ọ̀lù bá ti doríkọ ibẹ̀, gbogbo ìlà wa á tẹ̀ sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà bí àgbàdo tí atẹ́gùn fẹ́ lù. Bó bá yí padà, a óò tẹ̀ sí ọ̀tún.

Bàbá arúgbó kan ló máa ń jókòó lọ́wọ́ òsì mi, òyìnbó, ọmọ bíbí Liverpool. Sáà kan gbáko la fi jókòó pọ̀ kó tó béèrè orúkọ mi, ìgbà tó sì béèrè, kò lè pè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ ohun tí òpó ń ṣe mí. Ohun tí òpó bá bò, á sọ ọ́ sí mi létí láì wojú mi: "Ó ti kọjá lára ẹnì kan. Ó ti kọjá lára ìkejì. Ó gbá a. Áà, gólì mú un." Góòlù tí mo fi etí rí ní Goodison pọ̀ ju èyí tí mo fi ojú rí lọ.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò gba ìjókòó mìíràn?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ibi tí bàbá òun máa ń jókòó nìyẹn, bàbá òun náà ò sì rí àwọ̀n rárá. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 1948 tí èèyàn 78,299 wọ Goodison láti wo Everton àti Liverpool. Kò tíì sí ọjọ́ mìíràn tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ ní 1985 tí Bayern Munich kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé, tí Everton sì dá mẹ́ta padà ní abala kejì. Bó bá ń sọ ìtàn Bayern yẹn, kì í dárúkọ ẹni tó gbá góòlù. Ó ní ariwo ló gbá a wọlé.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló gbé ọmọ Yorùbá dé ìdí Everton. Amokachi ni. Ọdún 1994 ni Daniel Amokachi wọ Goodison, ó sì kó ọ̀pọ̀ wa dání láì mọ̀. Ọjọ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ pápá ní oṣù Kẹrin 1995, nígbà tí olùkọ́ni ò tíì ní kó wọlé, tó sì gbá méjì sínú àwọ̀n Tottenham, Everton mú àwa yẹn pátápátá. (Elland Road ni wọ́n ti gbá ìyẹn, kì í ṣe Goodison. Mo mọ̀.) Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yobo dé, lẹ́yìn Yobo ni Yakubu, tó gbá mẹ́ta wọlé Fulham ní Goodison ní oṣù Kejìlá 2007. Iwobi ńkọ́? Oṣù Kẹta 2022, a ń bẹ̀rù pé a máa já bọ́ sí ìpele kejì, Newcastle la ń bá gbá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fẹ̀hónú hàn wọ inú pápá, ó so ọrùn ara rẹ̀ mọ́ òpó àwọ̀n. Ó di kí wọ́n wá ohun tí wọ́n máa fi gé e kúrò. Àfikún ìṣẹ́jú wá gùn nítorí ẹ̀, inú àfikún náà ni Iwobi sì ti gbá a wọlé, 1-0. Bàbá ẹ̀gbẹ́ mi dì mọ́ mi, ó ní, "Òpó mìíràn nìyẹn tó ṣe wá lóore."

Mo lè máa sọ ọ́ lọ báyìí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé kọjá ìyẹn, ẹ sì jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn yọ sí i.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ló bí Goodison. Àwa ọmọ Everton kì í fẹ́ kí wọ́n rán wa létí, ṣùgbọ́n Anfield la wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Everton wà tó fi gba ife líìgì àkọ́kọ́ ní 1891. John Houlding, ọlọ́tí ńlá kan ní ìlú, ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ ń san fún un lọ́dún kúrò ní £100, ó di £250, ìjà sì dé. Ní 1892, George Mahon, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St Domingo tí ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá, kó àwọn èèyàn rẹ̀ sọdá Stanley Park, wọ́n sọ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mere Green di pápá, wọ́n sì di onílé nígbà tó yá. Houlding jókòó ti pápá tí kò ní agbábọ́ọ̀lù, ló bá dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, ó pè é ní Liverpool. Ẹ ò rí i pé pápá tí Everton kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró, àwọn ẹni ẹlẹ́ni sì ń gba ife nínú rẹ̀. Mo ní kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ọmọ Liverpool kan má baà bá mi sọ ọ́.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1892 ni wọ́n ṣí Goodison. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2025 ni a gbá ìdíje líìgì àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun, tí a fi na Brighton 2-0. Ọdún 133 géérégé. Iliman Ndiaye tó gbá góòlù tó kẹ́yìn fún ikọ̀ ọkùnrin ní Goodison, òun náà ló gbá ti àkọ́kọ́ wọlé níbi tuntun. Ọmọkùnrin yẹn ló ti ilẹ̀kùn, òun ló ṣí èkejì.

Àmọ́ ìgbà kan wà tí Goodison, ilé tí àwọn tí onílé fìyà jẹ kọ́, ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1920, èèyàn 53,000 wọ Goodison, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì dúró síta torí àyè ò gbà wọ́n mọ́. Obìnrin ni wọ́n wá wò. Ẹgbẹ́ kan ni Dick, Kerr Ladies, àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ kan ní Preston tí wọ́n ń ṣe ọta nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn obìnrin St Helens. Florrie Redford, ògbóǹtarìgì agbágóòlù Dick, Kerr, kò dé, ọkọ̀ ojú irin ti já a jù sílẹ̀. Abala kìíní parí, góòlù kan péré ni wọ́n rí. Ni Alice Kell, balógun wọn, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló máa ń ṣọ́, bá bọ́ síwájú. Ó gbá mẹ́ta wọlé. Eré parí sí 4-0. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ lé ní £3,000, wọ́n sì kó o fún àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́.

Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin tó ń fi ọwọ́ ṣe ọta ní ìjẹta, èèyàn 53,000 ń pariwo orúkọ rẹ̀ lónìí, lórí koríko kan náà tí Dixie Dean, ògbóǹtarìgì agbágóòlù Everton, wá gbá bọ́ọ̀lù lé lẹ́yìn náà.

Kò pé ọdún kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1921, FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé bọ́ọ̀lù ò yẹ obìnrin, pé kí ẹgbẹ́ kankan tó wà lábẹ́ àwọn má ṣe gbà wọ́n sí pápá mọ́. Ó tó bí ọdún 50 kí òfin yẹn tó kúrò. Tèmi ni pé kì í ṣe ìlera obìnrin ló ń ká wọn lára. Èrò 53,000 yẹn ló bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ gba Everton ní oṣù Kejìlá 2024, nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2025, ẹ kéde pé ẹ ò ní wó Goodison, pé ikọ̀ obìnrin Everton ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí pápá àtijọ́. Highbury ti di ilé gbígbé, ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal ń sáré sí ti di ọgbà òdòdó. Ní Roker Park ìlú Sunderland, ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, wọ́n wá sọ òpópónà kan ní Promotion Close, bíi pé ìyẹn á tu èèyàn nínú. Ní Buenos Aires, ilé ìtajà ńlá ni wọ́n kọ́ lé pápá San Lorenzo lórí. Ní Ayresome Park tí Middlesbrough fi sílẹ̀ ní 1995, idẹ ni wọ́n fi sàmì sí ibi tí Pak Doo-ik ará Àríwá Korea ti gbá góòlù tó lé Ítálì kúrò nínú ife àgbáyé 1966. Iwájú ilé ẹnì kan ni idẹ ọ̀hún wà báyìí. Mo fẹ́ràn ìyẹn díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi Goodison pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ kéde, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n mo wá ń gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu àwa fúnra wa, ọkùnrin pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ ọ́: "Ó dáa bí wọ́n ṣe kó àwọn obìnrin síbẹ̀, kí ilé má baà ṣófo." Kí ilé má baà ṣófo! Ẹni tí à ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ ni ẹni tí a fi ṣọ́ ilé, tí a fún ní yàrá kan lẹ́yìn, tí a sì sọ fún pé kó má fọwọ́ kan àwòrán ara ògiri. Ohun tí mo ń bẹ yín fún gan-an nìyí: ẹ má jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ obìnrin yẹn ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Walton Hall Park, pápá tí kò gbà ju ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn àti díẹ̀ lọ. Wọn ò tọrọ Goodison. Ẹ̀yin lẹ fún wọn. Ẹ fún wọn tán.

Kí ni mo pè ní kí ẹ fún wọn tán? Ẹ jẹ́ kí àwọn ni wọn yóò yan àwòrán tí yóò wà ní yàrá ìmúra. Bí wọ́n bá fẹ́ ìlù àti fèrè Z-Cars tí a fi ń jáde sí pápá láti ọjọ́ pípẹ́, kó wà; bí wọ́n bá fẹ́ orin mìíràn, àwa àgbà á faradà á. Ẹ má tìtorí ayẹyẹ ìrántí ọkùnrin kankan sún ìdíje wọn síwájú tàbí sẹ́yìn. Níta, wọ́n gbé ère Dean kalẹ̀ síbẹ̀ ní 2001, Kendall àti Ball àti Harvey, àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù Everton, náà ní tiwọn. Mo fẹ́ rí ère Alice Kell lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí bàtà rẹ̀ ní ẹrẹ̀, kí wọ́n kọ 26 oṣù Kejìlá 1920 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ 5 oṣù Kejìlá 1921 tẹ̀ lé e. Méjèèjì o. Bí ẹ bá kọ ti 1920 nìkan, a ti ń parọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: Goodison ní òkú nínú. Òótọ́ ni. Dixie Dean tó gbá góòlù líìgì 60 ní sáà 1927/28 kú síbẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1980, níbi tó ti ń wo Everton àti Liverpool. Eérú àwọn olólùfẹ́ tó lé ní 800 ni wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ní 2004 ni wọ́n tó dá a dúró, torí pé àyè ò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fẹ́ ká máa fi ẹsẹ̀ lẹ́lẹ́ rìn níbẹ̀. Tèmi yàtọ̀. Ilé tí a sin bàbá sí ni mo ti dàgbà ní tèmi, láyé àtijọ́, ilé bẹ́ẹ̀ kì í di ahoro láàrin àwa Yorùbá. Ọmọdé á máa ta òkòtó lórí ojú oórì, ìyá wọn á sá aṣọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rò pé wọ́n rí bàbá fín. Àwọn 800 yẹn, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ní kí wọ́n sin àwọn tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ.

Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 2025, ọjọ́ tí ikọ̀ ọkùnrin gbá ìkẹyìn níbẹ̀ pẹ̀lú Southampton, mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì. Goodison Road ni mo dúró sí láàrin èrò, èéfín búlúù gba gbogbo àdúgbò, ó ń ta mí lójú. Kò pẹ́ rárá tí eré bẹ̀rẹ̀, ilé ké. Mo ti mọ igbe yẹn, kò sí ẹni tó nílò láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kí abala kìíní tó parí, ilé tún ké. 2-0. Obìnrin kan tó dúró tì mí ní àwòrán ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, inú férémù kékeré, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri pápá kí ọkọ náà lè "rí" i. Mo wo ògiri, mo wo àwòrán, mo ní ọkùnrin yìí náà ti jókòó sẹ́yìn òpó rí. Bàbá ẹ̀gbẹ́ mi wà nínú lọ́jọ́ náà. Nígbà tó jáde, pákó kékeré kan wà lápò rẹ̀. Mi ò béèrè ibi tó ti yọ ọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún kù, ó kéré. Bí ẹ bá ń tún ibẹ̀ ṣe, ẹ má hú gbogbo òpó. Mo mọ̀ pé ó ń dí èèyàn lójú, ẹni tó bá san owó rẹ̀ pé sì yẹ kó rí ohun tó wá wò. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwa tí ọrùn wa ti tẹ̀.

Torí mo ti lọ wo àwọn obìnrin. Toni Payne wà nínú ikọ̀ wọn, ọmọ Super Falcons tó wọ Everton ní 2024. Ó ń jẹ́ Oyèdúpẹ́, ẹ ò lè mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń dùn mọ́ni lẹ́nu ní Goodison. Èrò ò pọ̀ bíi tàtijọ́. Ibi tí mo rí ni mo jókòó sí, òpó kan sì wà níwájú. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ó wọ búlúù láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù lọ sí apá tí a ò rí. Ọmọ náà dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó ti ń bínú. Mo tẹ̀ sí òsì. Ó wò mí, òun náà tẹ̀ sí òsì. Kò ga tó láti rí i síbẹ̀.

Mo wá sọ fún un, láì wojú rẹ̀: "Ó ti kọjá lára ẹnì kan. Ó ti kọjá lára ìkejì."

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ̀yìn òpó, Bullens Road